Àpá Eyín Lára Kápù

Ilẹ̀kùn ìsọ̀ Oníkápù kì í ṣí láìké. Irin tó so ó mọ́ ògiri ti dógùn-ún, kò sì sí oníbàárà tó lè wọlé kí ilẹ̀kùn náà má han gooro bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè díẹ̀ kí wọ́n tó tì í, kó lè dákẹ́. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n Oníkápù ọkùnrin, ọdẹ, tó wọ igbó lọ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì padà. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Oníkápù gbójú sókè tó rí i pé ẹnì kan ti dúró níwájú tábìlì òun láìjẹ́ pé ilẹ̀kùn ké, ayọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ẹni náà. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rí ojú yẹn rí.

Ó tún jókòó. "Ẹ káàsán, sà. Kí ni kí n fún yín?"

"Kápù," ni àlejò náà wí. Ohùn rẹ̀ há, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ká má parọ́, inú Oníkápù ṣì dùn díẹ̀ pé òun rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé bàbá wọn, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ. Ẹ̀yìn ìsọ̀ yìí náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn ọdẹ yòókù ti wá inú igbó títí, ó ti sú wọn, ṣùgbọ́n kò sú òun. Alaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, kì í sì í ti ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tó bá tilẹ̀kùn ti gbà nìyẹn pé ẹni tó wà lóde ò bọ̀ mọ́. Ìdánìkanwà ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, láìpariwo.

Bó ṣe rí etí tó ń gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ là. Ó tú kápù sórí tábìlì onígíláàsì, àwọn ìdérí bàbà tín-ín-tìn-tín tí wọ́n ń fi dé ọmú ìbọn, ṣóńṣó irin kékeré tó wà nídìí rẹ̀; àwọn ni òòlù ìbọn máa ń lù kí iná tó wọ inú ẹ̀tù.

"Wọn ò rí bákan náà o, sà. Èyí tó bá tóbi jù, ẹ ó máa sáré, òun náà á máa já bọ́. Èyí tó bá kéré jù, ẹ máa lù ú lẹ́ẹ̀kan, kò ní dún, ẹran kì í sì í dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn kan wà tí alágbẹ̀dẹ ń fi orí ìṣáná ṣe; ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín lẹ jọ mọ bó ṣe máa dún. Èmi, èyí tó gba orí òkun wá ni mo máa ń rà, màá sì fi ìda dí i lẹ́nu kí omi má ráyè. Irú èwo ni ìbọn yín ń lò?"

Àlejò náà na ọwọ́ síwájú. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ó gbé kápù kan sílẹ̀.

Wọ́n ti lù ú, ṣùgbọ́n kò dún. Ẹ̀tù rẹ̀ ṣì wà nínú. Ojú ibi tí òòlù ti bà á kò sí láàárín, etí òsì ló wà. Oníkápù gbé e sún mọ́ ojú. Ìbọn kan péré ló mọ̀ tí òòlù rẹ̀ wọ́ sápá òsì, láti ọjọ́ tó ti orí àjà já bọ́. Ó ti bẹ ẹni tó ni ín títí pé kó jẹ́ kí òun tún un ṣe. Àpá eyín tún wà lára kápù náà, àlàfo sì wà láàárín rẹ̀. Kápù máa ń tóbi ju ọmú ìbọn yẹn lọ, dípò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dì í mú, ẹnu ló máa ń sọ ọ́ sí, á deyín mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kan ni nǹkan yìí máa dún sí yín lẹ́nu." Bó ṣe máa ń sọ fún un nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ tó kán sí méjì á hàn. "Bàbá Àgbà, ẹ sinmi ariwo." Láti kékeré ló ti ń fi orúkọ yẹn bú àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe bí àgbàlagbà. Kò sí ẹlòmíì tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?" Oníkápù sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Ṣé ó wà láàyè?"

Àlejò náà wo ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, níbi tí abọ́ méjì wà. "Ó lù ú," ó ní. "Kò dún."

Omi bọ́ lójú Oníkápù. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń retí, asán ni. Ìbínú sì tẹ̀ lé ẹkún: ẹni tó dúró wo ẹ̀gbọ́n òun títí ó fi kú, kí kápù tirẹ̀ náà má dún. Ó fa agolo kan síwájú àlejò, èyí tí òjò ti wọ̀. "Èyí ló dáa jù," ló wí.

Àlejò náà mú ọ̀kan, ó deyín mọ́ ọn, ó sì tu ú sórí gíláàsì. "Ó ti mumi." Ló bá na ọwọ́ kọjá Oníkápù, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó gbé àkísà kúrò lórí agolo kápù onída tí àlejò kankan ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó mú kápù kan. Ẹyọ kan péré.

Oníkápù wo èyí tó tu sílẹ̀. Ó sún un mọ́ ti àkọ́kọ́. Àpá eyín kan náà, àlàfo kan náà. Ó gbójú sókè, àlejò ń rẹ́rìn-ín. Ojú náà, ti ẹni tí kò mọ̀ rí ni. Eyín tó wà nínú rẹ̀ ti kán sí méjì níwájú.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kó rántí ọ̀wọ̀ mọ́. "Ta ni ìwọ?"

"Bàbá Àgbà," ni àlejò náà fèsì jẹ́jẹ́, "ẹ má tilẹ̀kùn lálẹ́ yìí o." Ó gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Oníkápù ti ilẹ̀kùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀pá irin dí i, ó jókòó. Ó mọ̀ pé ohun tó jáde yẹn kì í ṣe èèyàn, ó sì mọ̀ pé òun ni kápù kan péré yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n ilé náà dákẹ́ jù. Ó ń gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń mí. Ta ló tún kù tó máa pe òun ní Bàbá Àgbà?

Ó dìde, ó yọ ọ̀pá irin náà. Ó bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, ó sì tẹrí ba, ó ń jẹun.

Kò pẹ́, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Kò ké.