Orin Tí Oyèdèjì Fi Ṣe Ènì

Yẹ́misí ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà láti ẹ̀yìn pé kó rọra. Eruku Old Market ní Lókójà ti bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi apá kan gbá apẹ̀rẹ̀ tòmátò mọ́ra, ó sì na ọwọ́ kejì sókè, ó di fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ mú kó má baà já bọ́. Oyèdèjì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ọmọbìnrin náà fi dúró níwájú rẹ̀.

"Okun o," ni ó kí i, bí àwọn ará Oworo ṣe ń kíni. "Ṣé èmi lẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀kadà ni mò ń rín, àǹtí. Ẹ má bínú."

"Ó dáa. Kí ọ̀kadà wá ṣe oníbàárà yín."

Ó ti yí ẹ̀yìn padà kí Oyèdèjì tó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rọ̀, ó ní orin kan wà nínú fóònù náà tí òun kò fẹ́ kó sọnù, kí ó bá òun yọ ọ́. Oyèdèjì ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kí orin náà gba ẹnu sípíkà jáde láti mọ̀ bóyá ó pé. Hájíà Nímátù tó ń ta ẹja lódìkejì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, kò sì mú un mọ́ títí orin fi parí.

"Ta ló ń kọrin yìí?" ni Oyèdèjì bèèrè.

Yẹ́misí ń ṣa tòmátò tó ti rọ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. "Èmi ni. Inú oko bàbá mi ni mo ti kọ ọ́."

Kí n má purọ́ fún yín, ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ni ìfẹ́ gbé ọmọkùnrin náà.

Iṣẹ́ Oyèdèjì kò ju pé kí ènìyàn gbé fóònù wá, kí ó da orin kún inú rẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ olórin kankan rí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó yẹ kí ó bèèrè. Bó bá sì ti dà á tán, yóò mú orin kan ṣoṣo tó wu òun fúnra rẹ̀, yóò fi ṣe ènì, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní jàrá. Olórin tí wọn kò mọ̀ ní Lókójà lọ́dún tó kọjá ti di ẹni tí wọ́n ń bèèrè lónìí nítorí ènì Oyèdèjì. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ ọjà ni Yẹ́misí ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù yẹn bó bá ti ta tòmátò rẹ̀ tán. Wọ́n á ra ẹja díndín lọ́wọ́ Hájíà, wọ́n á gbé e lọ sí bèbè Odò Ọya, wọ́n á jẹ ẹ́ tẹgungun-tẹgungun.

"Orúkọ ẹ gùn ju ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ," ni Yẹ́misí sọ lọ́jọ́ kan. "Dèjì ni n óò máa pè ẹ́."

"Olówó orí ẹ ni kí o máa pè mí."

"Ta ló tíì gbowó lọ́wọ́ ẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn apẹja fi yíjú wò wọ́n. Ọkùnrin náà rò pé ayé òun ti gún.

Kò pẹ́ tí Ọláyínká fi dé. Ilé-iṣẹ́ orin kan ní Ìbàdàn ló ń bá wá olórin kiri. Ó gbọ́ ohùn Yẹ́misí nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Lokongoma, ó sì gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, Yẹ́misí fọwọ́ sí i. Wọ́n mú un lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gba orin mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọláyínká kìlọ̀ fún un pé etí kankan kò gbọdọ̀ gbọ́ orin wọ̀nyẹn títí di ọjọ́ tí wọn óò gbé e jáde. Àwọn tó ń jí orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ba ọjà olórin mẹ́ta jẹ́ mọ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò rí ẹ̀wọ̀n.

Bí ó ti dé láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ Oyèdèjì ni ó kọ́kọ́ gbà lọ. Ó fi fláàṣì kékeré kan tí orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Ìwọ nìkan ni mo fún, Dèjì. Gbọ́ ọ, kí o pa á mọ́."

Oyèdèjì gbọ́ ọ, ó sunkún. Ó sì pa á mọ́ lóòótọ́, ó pa márùn-ún mọ́. Ẹ̀kẹfà, orin oko yẹn, ni ọwọ́ rẹ̀ kò gbà láti tọ́jú. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ ra orin tí kò gbọ́ rí? Ṣé kì í ṣe pé a máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí a tó bù ú? Ó fi í ṣe ènì fún Hájíà Nímátù. Lẹ́yìn náà ó fi ṣe ènì fún gbogbo ẹni tó bá ti jókòó. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí orin bá jáde, gbogbo Lókójà á ti máa dúró dè é, kí Yẹ́misí wá bèèrè ẹni tó ṣe òun ní irú oore yìí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò pé tí orin náà fi dé inú kẹ̀kẹ́ ní Lokongoma, tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ etí odò. Lẹ́yìn náà ó gun orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí ọwọ́ Oyèdèjì kò tó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ọláyínká kó ọlọ́pàá wọ Old Market. Kọ̀ǹpútà méje ni wọ́n gbé lọ, ti Oyèdèjì wà nínú rẹ̀. Orin Yẹ́misí wà nínú gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọláyínká wá sọ fún Yẹ́misí pé kó dárúkọ ẹni tó fún, tàbí kí àdéhùn já.

Ní ọjọ́ kejì, Yẹ́misí dé bèbè odò, ó bá Oyèdèjì níbẹ̀. Kò jókòó.

"Ìwọ nìkan ni mo fún."

"Ènì ni mo fi ṣe, Yẹ́misí. Kí wọ́n lè mọ̀ ẹ́."

"N kò tíì tà á, o ti fi ṣe ènì!"

Oyèdèjì fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, Yẹ́misí gbọn ọwọ́ náà dànù. "Wọ́n ní kí n dárúkọ. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni," ni ó sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú ti Oyèdèjì débi pé kò lè pè é padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà ní Lókójà. "Èmi ni. Ẹ mú mi, kí ẹ fi àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un." Wọ́n mú un lóòótọ́. Àmọ́ kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi fa àdéhùn náà ya. Orin tí gbogbo ayé ti ní lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò rà á?

Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní àtìmọ́lé. Lọ́jọ́ kejìlá wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọn kò sọ ìdí fún un. Yẹ́misí ló rí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ tó mọ́ dání, ó ti rù.

"Kí ló dé tí wọ́n fi tú mi sílẹ̀?"

"Mo fọwọ́ sí ìwé." Ó ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. "Orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di tiwọn títí láé. Èmi náà kò gbọdọ̀ kọrin sétí ẹnikẹ́ni fún ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá rí ohùn mi tuntun nínú fóònù ẹnì kan ṣoṣo, wọn óò gbé ẹjọ́ ẹ padà, o ó sì lọ sẹ́wọ̀n."

Oyèdèjì gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára bọ́tìnnì. "Ta ló ní kí o fọwọ́ sí i?"

"Ta ló ní kí o fi orin mi ṣe ènì?"

Oyèdèjì fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Yẹ́misí, lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Èmi ni mo ba ayé ẹ jẹ́."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ni Yẹ́misí dáhùn, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Mo bínú sí ẹ títí ó fi rẹ̀ mí, Dèjì, n kò sì lè kórìíra ẹ. Wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé Oyèdèjì gun òkè lọ sí abúlé Bàbá Sámúẹ́lì, bàbá Yẹ́misí, láti tọrọ ọmọ. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bi ọmọ bóyá kí àwọn gba obì ọkọ. Ẹnu lásán ni ó ń fi dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, orin ni. Ìyá rẹ̀ kọ ọ́, ìyá ìyá rẹ̀ kọ ọ́. Àwọn ìbátan tí Yẹ́misí kò sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn fún ti ń retí rẹ̀ láti òwúrọ̀, nítorí ta ni kò mọ ohùn ọmọ Sámúẹ́lì?

"Yẹ́misí, ṣé ká gbà á?" ni Adéòkè, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, bèèrè.

"Ẹ gbà á, ìyá mi."

"Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á."

"Ẹ̀kẹta rèé o. Ṣé ká gbà á?"

Gbogbo ilé gbé fóònù sókè láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Oyèdèjì rí mẹ́rìnlá kó tó ṣíwọ́ kíkà. Ó rí i tí Yẹ́misí mí kanlẹ̀, tí àyà rẹ̀ gbé sókè, tí ètè rẹ̀ là. Ó wo àwọn fóònù náà yí ká, ó sì wá wo Oyèdèjì. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ẹ gbà á," ni ó fi ẹnu lásán sọ.

Adéòkè sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ṣé o kò fẹ́ ọkọ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, ìyá mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ bá mi gbà á."

Bàbá Sámúẹ́lì na ọwọ́, ó gba obì. Oyèdèjì sorí kọ́ níwájú àwọn àna rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn ènìyàn rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Yẹ́misí kúnlẹ̀ tì í, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un.