Ọkọ̀ Tí Yéjídé Nawọ́ Sí

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Mi ò mu ọtí rí láyé mi, ojú mi kò sì tíì di bàìbàì. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ níbẹ̀.

Tàjùdíìnì lorúkọ mi, Bàbá Táju ni wọ́n ń pè mí. Àbíjáàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ó ti pé ogún ọdún tí mo ti padà sí Ẹ̀jìgbò. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, Dúrójaiyé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ni, ìlú Ará ló ti ń ṣiṣẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Yéjídé ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, kí wọ́n lè máa bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ èrò kì í fẹ́ ní sùúrù kó fi wọlé tán.

"Bàbá Táju," ni Dúrójaiyé wí, "ẹ bá mi yan ọkọ̀ kan. Apá mi ò ká tuntun."

Wàhábì ń ta ọkọ̀ àlòkù lọ́nà Másífà. Méjì péré ni apá Dúrójaiyé ká nínú ọgbà rẹ̀. Irú kan náà ni wọ́n, àwọ̀ eérú kan náà. Èkínní ti dípẹtà. Ìpẹtà ti jẹ etí ilẹ̀kùn, ó ti jẹ ìsàlẹ̀ débi pé mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sì ń rí koríko. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èkejì ń dán gbinrin, kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Wàhábì ṣáná sí i. Èéfín rú. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kọ́. Kọ́kọ́. Kọ́.

Yéjídé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wá. Ó na ọwọ́ òsì sí èyí tó ń dán.

"Ìyẹn," ni ó wí.

"Ìyá Ooreọ̀fẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lọ," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Ìyẹn ni mo fẹ́."

Dúrójaiyé wo ojú mi. Èmi ni mo parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Ìpẹtà kì í dá ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé aláìsàn kiri, ẹ́ńjìnnì ni kó wò."

Èyí tó dípẹtà ló rà. Yéjídé ń bojú wẹ̀yìn wo èyí tó ń dán títí a fi jáde nínú ọgbà náà.

Kò ju oṣù kan lọ, Dúrójaiyé padà wá. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti ń kan. Mo wa ọkọ̀ náà yí ìlú ká. Kò kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún dé.

"Ó ń kan, Bàbá. Ìyàwó mi náà gbọ́."

Mo ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jáde. Dúrójaiyé ń wakọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Ọ̀nà Ìsundùnrin la gbà. Kùrukùru ọyẹ́ ti bo ojú oòrùn. Ọ̀nà dá páropáro. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ọ.

Kọ́. Kọ́kọ́. Kọ́.

"Dúró," ni mo wí.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Òun kọ́ ló ń kan.

"Pa á."

Ó pa á. Ìró náà kò dákẹ́.

Ẹ̀yìn wa ló ti ń bọ̀. Mo wo ọ̀nà títí dé ibi tó ti yà. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìró náà ń sún mọ́ wa. Ó dé ẹ̀gbẹ́ wa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbá aṣọ mọ́ mi lára, òórùn epo jíjóná kún imú mi. Ó kọjá. Eruku ń dìde níwájú wa, ó ń lọ, ó ń lọ, títí mi ò fi rí i mọ́.

Yéjídé ń juwọ́.

"Ta lò ń juwọ́ sí?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Àwa."

"Àwa wo?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá Táju wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ta wá ló ń wakọ̀?"

"Èmi ni." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó sùn sórí itan. "Ọwọ́ yìí ni mo fi di sítíárìn mú."

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo wọlé. A yí padà. Dúrójaiyé kò yà sílé, ọgbà Wàhábì ló wà wá lọ.

Ọkọ̀ tó ń dán ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò. Wàhábì ní òun ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣí i fún wa. Òótọ́ ni. Ihò lásán ló kù. Mo fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì yára fà á padà. Oòrùn kò dé abẹ́ igi yẹn, ṣùgbọ́n irin náà jó mi lọ́wọ́.

Dúrójaiyé rí mi.

"Wàhábì," ni ó wí, "gba èyí tí mo rà, kí o fún mi ní èyí."

"Tíṣà, kò ní ẹ́ńjìnnì o."

"Mo gbọ́."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó rántí Ọlọ́run, kó rántí ọ̀nà Òṣogbo, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó rọra dá mi lóhùn.

"Bàbá, ó ti yan tirẹ̀. Àwa la ò gbọ́."

Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á dé ilé rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá ẹ́ńjìnnì sí i. Mo kọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Àwọn aládùúgbò sọ fún mi pé tó bá ti dé láti Ará nírọ̀lẹ́, á gbé Yéjídé sí ìjókòó awakọ̀, òun náà á jókòó tì í. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á tún gbé e wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ilé wọn ṣófo. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọ̀pá tí Yéjídé fi ń rìn fara ti ògiri. Ọkọ̀ kò sí. Ipa táyà jáde láti inú ọgbà dé ojú ọ̀nà ọlọ́dà. Mo wá ipasẹ̀ àwọn tó tì í, mi ò rí ọ̀kan. Àwọn ọlọ́pàá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjọ wọn gbààwẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, Ooreọ̀fẹ́ ọmọ wọn, tó ń kàwé ní Ìbàdàn, wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ẹkún ló máa sun. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ara rẹ̀ balẹ̀.

"Màmá mi pè mí láàárọ̀ yìí," ni ó wí. "Ohùn wọn já gaara, bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wakọ̀ lọ. Mo ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà. Kò kan rárá."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Wọn ò sọ. Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá àwọn tún un ṣe."

Mi ò fi ẹ́ńjìnnì kankan sí ọkọ̀ náà rí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń wo ojú mi, ó ń dúró kí n fèsì.