Kéèkì Ẹni Tó Ṣàṣìṣe

Irun pupa ni Asger kọ́kọ́ rí, tó yọ lábẹ́ akoto, tí atẹ́gùn òkun ń dà á rú. Obìnrin tó ni irun náà ló tu ọkọ̀ tó gbé wọn wá láti èbúté Hvide Sande. Ó fi imú ọkọ̀ ti ẹsẹ̀ òpó irin, ó sì dì í mú síbẹ̀ bí ìgbì ṣe ń gbé e sókè sódò, kí àwọn òṣìṣẹ́ irin lè kọjá sórí àkàbà. Àwọn ló ń to àwọn òpó gíga tí atẹ́gùn ń yí abẹ̀bẹ̀ wọn kí ìlú lè níná.

Asger ti gun àkàbà dé ìdajì kó tó bojú wẹ̀yìn. Bíbojúwẹ̀yìn yẹn ló kó bá a. Sípánà tó gbàgbé láti so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ yọ bọ́, ó sì já sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Obìnrin náà ṣí fèrèsé. "Arákùnrin, ṣé ẹja lo fẹ́ fi ìyẹn pa ni, àbí èmi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú mi ò sí níbi iṣẹ́."

"Níbo ló wà?"

Ejnar, ọ̀gá wọn tó wà lókè, ló bá Asger dáhùn: "Sidsel, ìwọ náà mọ ibi tó wà! Asger, kéèkì dọ̀la o!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní èbúté yẹn nìyẹn, àtapẹja àtonírin: ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kéèkì ni yóò fi bẹ gbogbo ẹni tó ṣojú wọn. Asger ò fẹ́ ra ti ìsọ̀. Ó ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì bu iyọ̀ síbi tó yẹ kí ṣúgà wà. Gbogbo wọn tu tiwọn dà sómi. Sidsel nìkan ló jẹ tirẹ̀ tán.

"Kò ha níyọ̀ jù?" ni Asger bi í.

"Ó níyọ̀ bí òkun. Àmọ́ ọwọ́ ara rẹ lo fi ṣe é."

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára. Láràárọ̀ ni Sidsel ń fa bẹ́líìtì Asger wò kó tó jẹ́ kó gun àkàbà. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo já bọ́," á ní, "kéèkì wo ni mo fẹ́ jẹ?"

Bàbá Sidsel ni ìṣòro wọn. Apẹja ni Verner, orí rẹ̀ sì kunkun. Lọ́jọ́ tí Asger gbé òdòdó lọ kí i, ẹnu ọ̀nà ló dá a dúró sí.

"Ibi tí ẹ ri irin mọ́ yẹn, ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi ní àwọ̀n jíjù. Èmi àti onírin ò ní jókòó sídìí tábìlì mi láéláé." Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Sidsel sin Asger dé etí omi. "Mo fẹ́ràn rẹ, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí màmá mi ti kú, bàbá mi ló ń dì mí nírun. Mi ò lè lọ ṣègbéyàwó kí wọ́n máà sí níbẹ̀."

"Màá dúró nígbà náà."

"Bí wọn ò bá yí padà ńkọ́?"

Asger fi òdòdó náà lé e lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo òkun, Verner fúnra rẹ̀ ló ké gbàjarè lórí rédíò. Ó ti gbé ọkọ̀ gba ọ̀nà tó ń gbà láti kékeré, ó gbàgbé pé òpó ti wà níbẹ̀. Àwọ̀n rẹ̀ ti kọ́ àkàbà irin, ó sì ń fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ gbá òpó. Sidsel yí ọkọ̀ tirẹ̀ padà lọ síbẹ̀, Asger àti Ejnar sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

"Gé àwọ̀n yẹn, ká máa lọ!" ni Ejnar pariwo.

"Ẹ má gé e o!" ni Verner kígbe látinú ọkọ̀ rẹ̀. "Bàbá mi ló hun ún!"

"Bàbá, ta ló ní màá gé e?" ni Asger dáhùn.

Sidsel ju okùn sí bàbá rẹ̀, ó sì fa ọkọ̀ rẹ̀ dúró kúrò lára òpó. Asger so ara rẹ̀ mọ́ àkàbà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó sì ń tú ojú àwọ̀n náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbì ń lù ú, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó tú tán. Verner gba àwọ̀n, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n bá a ní èbúté pẹ̀lú kéèkì tó fi aṣọ bò. Ó gbé e ka orí àpótí kan tí àwọn onírin ń kó bóòtù irin sí.

"Mo ṣàṣìṣe lójú yín. Ẹ wá jẹ."

Sidsel rẹ́rìn-ín. "Bàámi, ṣebí ẹ ní ẹ ò ní bá onírin jókòó sídìí tábìlì?"

"Tábìlì mi nìyí? Ṣebí àpótí tiwọn ni." Ó gé èyí tó tóbi jù fún Asger, ó wo ojú egbò ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wá sílé. Tábìlì tèmi ga ju èyí lọ."

Asger gbé kéèkì náà sílẹ̀ láìtíì tọ́ ọ wò. "Sidsel, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Sidsel fa bẹ́líìtì rẹ̀ wò, ó rí i pé sípánà wà níbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ló wo bàbá rẹ̀.

"Dá a lóhùn, jàre," ni Verner wí. "Irun dídì ti sú mi."

"Màá fẹ́ ẹ," ni Sidsel wí.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, bí aago ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún, Verner ṣì jókòó sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó di irun rẹ̀ tán, ó tú u, ó tún un dì.