Àmì Ẹfun Lára Nọ́ọ̀tù

Ẹ́ńjìnnì náà gbóná. Látífù mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ó sì yára yọwọ́. Ọ̀sán àná ni wọ́n já a sílẹ̀ láti Parakou. Kò sí ẹ̀kán gásóyì, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì, nínú rẹ̀, kò sí bátìrì, ọyẹ́ sì ti mú gbogbo ìlú Ṣábẹ débi pé omi àlùwàlá ń ta èèyàn lọ́wọ́. Síbẹ̀ irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Aúsù bílláì," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí àpá kan, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló di irin náà mú lọ́jọ́ tí Issa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jó o. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó pa Issa ni.

Háà, ayé! Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Florent ló ni ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, Issa sì ni awakọ̀ rẹ̀, òun náà ló ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ burúkú náà, Florent mutí yó, ó ní òun lòun máa wà á. Issa bọ́ sílẹ̀ létí odò Okpara láti máa júwe ẹ̀yìn fún un, ni Florent bá fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ó sì sá lọ. Kí Issa tó dákẹ́ lọ́wọ́ Látífù, gbogbo ohun tó rí sọ ni, "Ọ̀gá mi ló wà á." Ṣùgbọ́n níwájú àwọn àgbà, Florent fi ahọ́n kan irin, ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni mo wa ọkọ̀ yẹn, kí irin pa mí." Irin ò pa á. Orí lásán ò fọ́ ọ. Ó ta ọkọ̀ náà fún àwọn oníirin àlòkù, ó ń jẹ, ó ń sanra, àwọn èèyàn sì ń wo Látífù bí òpùrọ́. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Florent kan náà ló wá gbé jíìpù àtijọ́ bàbá rẹ̀ dé, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, kí Látífù yọ ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì, ìyẹn elépẹtiróòlù, tó ti kú nínú rẹ̀, kó fi ti gásóyì rọ́pò. Ojú ò tì í. Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló tún lọ rà wá, kò sì dá a mọ̀.

Látífù pinnu pé òun máa pa á. Ó gé irin tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé, ó jó tuntun, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà wọnú ọkọ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ó wá tú nọ́ọ̀tù ńlá tó so ìdarí mọ́ táyà iwájú, ó dẹ̀ ẹ́ débi pé kòtò kan péré ló máa já a.

Nígbà tó padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀tù náà ti le pinpin. Ìlà funfun kan wà lórí rẹ̀.

Issa nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tù tó bá dè tán, tí iṣẹ́ ibẹ̀ parí pátápátá, á fẹfun sàmì sí i. Ara Látífù bù máṣọ. Ó tún tú u. Ó lọ kírun ọ̀sán, nígbà tó máa dé, ó ti le, ìlà funfun ti wà lórí rẹ̀.

Fàúsátù, opó Issa, gbé oúnjẹ wá. Bó ṣe rí ìlà náà, ó gbé abọ́ kalẹ̀.

"Ẹfun rẹ̀ wà nínú àpótí mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ó ti kúrú."

"Kí ló wá fẹ́?"

"Kò fẹ́ kí ọwọ́ tìẹ dọ̀tí ni. Fi Florent sílẹ̀ fún un, ọkọ mi."

Látífù fi í sílẹ̀, kò tú nọ́ọ̀tù náà mọ́. Nígbà tí Florent dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe yẹ. "Ọ̀gá, eléyìí kì í kú bíi ti ẹsáǹsì o. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní gbọ́. Wáyà yìí lẹ máa fà kó tó kú."

Florent rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, irin wo ni kì í gbọ́ tèmi?" Ó sì wà á lọ.

Ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n nígbà tí Fadel, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, já wọ gáráàjì. "Bọ̀dá Látífù, ẹ gbà wá! Jíìpù yẹn ń bú létí Okpara, kò kú!"

Jíìpù náà dúró lábẹ́ igi tí Issa kú sí, ó ń bú ramúramù, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀ nínú eruku. Wáyà tí wọ́n fi ń pa á ti já dànù. Ìdérí iwájú ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, Florent sì tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú àpá yẹn. Ẹran ń rùn. Kò sẹ́ni tó lè súnmọ́ ọn.

Inú Látífù dùn. Ẹ má bi mí bóyá ó dáa tàbí kò dáa, inú rẹ̀ dùn, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ó tó."

Ẹ́ńjìnnì náà kú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n gbé Florent sílẹ̀, ó ti kú. Látífù yẹ abẹ́ jíìpù wò, kò sí nọ́ọ̀tù kan tó tú. Fadel mú aṣọ, ó ń nu eruku ojú òkú, ló bá ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ìlà funfun kan wà níwájú orí Florent, tí wọ́n fẹfun fà.

Fadel nù ún títí. Kò parẹ́.