Ẹni Tó Tẹ̀ Lé Muriel Wọlé

Ẹ pè mí ní òpùrọ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má pe Muriel Dodds bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kì í bù mọ́ ọ̀rọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún èmi aládùúgbò rẹ̀ ní Northumberland níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ṣe ń sọ ọ́, ojú ara mi sì rí àwòrán náà.

Ẹyẹ kan ló sọ Wilf, ọkọ rẹ̀, di wèrè. Ẹyẹ búlúù kékeré kan ni, tó máa ń wá pẹja nínú adágún ẹ̀yìnkùlé wọn nígbà òtútù, tí omi odò bá dàrú. Wilf kan ahéré pákó sétí adágún náà, ó ń na ojú kámẹ́rà jáde láti inú ihò rẹ̀. Ẹyẹ ò mọ òǹkà. Tí ẹni méjì bá jọ wọlé, tí ẹnì kan jáde, ẹyẹ á rò pé ibẹ̀ ti ṣófo. Nítorí náà Muriel ló máa ń sìn ín wọlé, tí á sì fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn láti ìta kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá a. Tó bá padà wá mú un, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí wọ́n á fi dé ilé ìdáná. Òfin Wilf nìyẹn, kí ẹyẹ má baà fura.

"Wákàtí méjì péré o," Muriel sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Dókítà ní ọkàn ẹ ò lè gba òtútù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní torí ẹyẹ di opó."

"Tí mo bá kú, ṣáà yà mí ní fọ́tò."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ níbẹ̀, bàbá arúgbó!"

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀, òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Muriel lọ mú un. Ó gbé ìkọ́ sókè, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún gbọ́ tí ìkọ́ há padà. Ìyẹn yà á lẹ́nu. Ta ló ń há ahéré òfìfo? Síbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Nílé ìdáná, ó bu ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí abọ́ méjì.

"Ẹyẹ ẹ wá?"

"Ó wá."

"O yà á?"

"Rárá."

Ó parí síbẹ̀. Wilf tó máa ń ròyìn ẹyẹ títí ọbẹ̀ á fi tutù! Iná ń jó nínú ààrò, síbẹ̀ òjò dídì tó wà léjìká rẹ̀ ò yọ́.

Fóònù Muriel dún. Orúkọ Wilf ló wà lójú rẹ̀.

"Muriel, kí ló dé? Òtútù ti fẹ́ pa mí. Wá ṣílẹ̀kùn, jọ̀ọ́."

Muriel gbójú sókè. Ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Kò mú fóònù kankan dání.

"Wilf, ibo lo wà?"

"Ibo ni mo tún lè wà? Ìwọ lo há mi mọ́bí! Mò ń rí ẹ lójú fèrèsé. Dìde, kó o máa bọ̀."

Muriel sáré sídìí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ ò sì sí níbẹ̀.

"Ilẹ̀ ń yọ̀," ọkùnrin náà sọ jẹ́jẹ́. Ohùn Wilf ni. "O fẹ́ tún fọ́ ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò fún ẹ? Jókòó, ìyàwó mi."

Wilf kì í pè é ní ìyàwó mi.

"Ta nìyẹn?" Wilf béèrè nínú fóònù. "Muriel, ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà, Wilf! Gbá a!"

"Mo ti gbá a títí. Àyà ń dùn mí."

Fóònù kú. Muriel fa fèrèsé, yìnyín ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ó fi ìkúùkù lù ú, ó ń pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀. Ahéré náà ò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ó ń wò ó títí òkùnkùn fi bò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin náà ń lá ọbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn. Muriel rá dé ahéré. Ìkọ́ ṣì há síbẹ̀ láti ìta. Ó gbé e sókè. Kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Kámẹ́rà nìkan ló wà lórí àga.

Wilf ti ya ẹyẹ náà, ẹja lẹ́nu rẹ̀, ó mọ́ rekete. Àwòrán kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Fèrèsé ilé ìdáná ni, Muriel ń lu gíláàsì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Abọ́ ọbẹ̀ méjì wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Ọwọ́ kan dì í lápá mú. Ó tutù.

"Wá jẹun, ìyàwó mi."

Wọ́n ṣì jọ ń gbé ilé yẹn. Mo máa ń kí ọkùnrin náà, ó máa ń dáhùn. Ní oṣù tó kọjá, mo fa Muriel sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé kí ló dé tí kò sá lọ, pé ilé mi ṣí sílẹ̀ fún un. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú pinpin.

"Tí Wilf bá tún pè ńkọ́?" ó ní. "Ta ló máa lọ ṣílẹ̀kùn fún un?"