Ẹní Tó Wà Lẹ́yìn Àpótí

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, kò sì ṣàìsàn kankan. Ó mu ọyàn nírọ̀lẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò jí. Dókítà ní òun kò rí ohun tó pa á. Ibi tí dókítà bá sì ti dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu ará ilé kì í dákẹ́ níbẹ̀.

Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣí, tó ń padé. Bí ìyá àgbà bá sì ti kọjá lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé, òwìwí á ké.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀. “Ta lẹ tún fẹ́ kí n máa wá kiri? Mo rí màmá yín lójú fèrèsé. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń ju nǹkan sẹ́nu.”

Káfíńtà ní ìyá òun kọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wo ojú ìyá rẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí ògiri ilé wọn kò nípọn. Ohun tó ń jù sẹ́nu kò ju hóró oògùn kan lọ. Nọ́ọ̀sì ló ní kó máa lò ó lálaalẹ́, torí ìtọ̀ tí kì í jẹ́ kó sùn. Ó ní bí ara bá tilẹ̀ tù ú, kó má dá a dúró. Oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ bọ̀ ni. Kó ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò lè sọ ọ́.

Káfíńtà yìí náà tọ̀ọ́lé rí. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá yìí kan náà ló gbé ẹní tútù lé e lórí, tó ní kó rù ú yí àdúgbò ká, tí àwọn ọmọdé ń kọrin atọ̀ọ́lé tẹ̀lé e. Òun ló kọ́ wọn lórin náà. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́ báyìí? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn: àjẹ́, wọ́n á bẹ̀rù rẹ̀; atọ̀ọ́lé, wọ́n á fi í ṣẹ̀sín.

Ló bá dá oògùn dúró, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i níbi tó ti ń jẹ nǹkan lóru. Ìtọ̀ padà dé, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì láyà láti ṣílẹ̀kùn mọ́, nítorí òwìwí. Ó dùbúlẹ̀, ó ń dì í mú, ó ń sunkún, títí tí kò fi lè dì í mú mọ́. Láàárọ̀, ó ká ẹní, ó tì í sẹ́yìn àpótí. Ojú tì í débi pé kò lè gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ náà ti dé etí olórí ẹbí, ó sì pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bi ìyá àgbà pé níbo ló ń lọ lóru. Ó tún bi í.

“Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé àbúrò mi,” ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Káfíńtà tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọ yàrá lọ bá a kó ẹrù. Ó fa àpótí, ẹní yọjú. Ìyá rẹ̀ sáré di ẹní náà mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹní náà tutù. Káfíńtà dúró. Ta ni ìbá mọ òórùn yẹn jù ú lọ? Ó rọra gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e rù, ó jáde, ó sì sá a sórí okùn lójú gbogbo wọn.

Olórí ẹbí bèèrè pé ẹní ta nìyẹn.

“Tèmi ni,” ni káfíńtà wí. “Mo tún ti tọ̀ọ́lé.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbọ́ ẹ̀rín náà láti ẹnu ọ̀nà, ó sì rántí ojú ọmọ kékeré kan lábẹ́ ẹní. Ó bọ́ sí àgbàlá.

“Irọ́ ló ń pa,” ló wí. “Èmi ni mo ni ẹní. Ìtọ̀ ni mò ń lọ tọ̀ lóru. Oògùn rẹ̀ lẹ rí lẹ́nu mi.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó kúnlẹ̀. Ikú ọmọ rẹ̀ kò tíì yé e, bóyá kò sì ní yé e láéláé. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í fún ẹni tó ti gbé ẹ̀bi ikú náà lé lórí.

Lálẹ́, ó gbé ife omi wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ìyá ọkọ rẹ̀. “Ẹ lo oògùn yín, Màmá,” ló wí, kò gbójú sókè. “Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ jí mi.”

Lóru, ilẹ̀kùn ṣí. Òwìwí ké. Ẹni méjì ló kọjá lábẹ́ igi.