Ẹni Tó Ń Kí Wa Láti Òdìkejì Omi

Mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣeré. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lè fi àwọn oníbàárà mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo lè fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi bínú, ṣùgbọ́n ti ìyá mi yàtọ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fojú mi rí i, mo sì fetí mi gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá àbúrò mi. Kíákíá là ń pè é, torí pé kò sẹ́ni tó lọ́ra tó o láyé. Láti ìgbà náà, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Kíákíá kì í jókòó síbi tí fèrèsé wà mọ́.

Télọ̀ ni mí. Ara ìyá mi ni mo fi kọ́ṣẹ́. Èjìká rẹ̀ òsì rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, látìgbà tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà ọmọdé. Tí mo bá ń gé aṣọ rẹ̀, mi ò wá téèpù kiri. Mo kàn máa ń mú apá òsì wálẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà fẹ́ràn kíkí. Yóò kí ẹ, yóò kí ọmọ ẹ, yóò kí ẹrù tó wà lórí ẹ. Bàbá mi máa ń sọ pé tí ìyá mi bá kọjá lára ẹnikẹ́ni láìkí i, kí ẹni náà yáa lọ yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá ó ti kú. Nígbà tí bàbá mi wá kú, ìyá mi dákẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Tí a bá gbé oúnjẹ fún un, á fọwọ́ kàn án, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ti rẹ̀ mí" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Dókítà ní òun ò rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ó ní ìyá náà kàn ń lọ ni, díẹ̀díẹ̀. Ó ní ká gbé e lọ síbi tó tutù, tó dákẹ́, bóyá ojú rẹ̀ á tún là. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti sin bàbá mi, mi ò tíì ṣe tán láti sin ìyá.

Bí a ṣe lọ gba ilé onípákó létí adágún nìyẹn.

Kíákíá ló wà wá lọ. Ibi tó yẹ ká dé láàárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó gbé wa débẹ̀. Mo ní ìgbín mẹ́ta ti yà wá sílẹ̀ lọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ náà ló ń dé," ó wí.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

Ilé náà dára, kí n má parọ́. Yàrá méjì, ilé ìdáná kékeré, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi. Pákó rẹ̀ ń rùn bí igi tí òjò pa. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni afárá pákó kan ti wọnú adágún lọ. Omi tí mo mọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, á máa kùn, á máa fẹnu lu etídò. Èyí ò fọhùn rárá.

Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Kò pọ̀ lọ́rọ̀.

"Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ máa wọlé," ó wí. "Kí ẹ sì tilẹ̀kùn."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀fọn ni."

Mi ò rí ẹ̀fọn kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, a gbé àga jáde. Ta ló máa gba ilé sétí omi kó wá lọ jókòó sínú yàrá? Oòrùn ti wọ̀. Kùrukùru ń rìn lórí omi. Ìgbà yẹn ni mo rí iná lódìkejì. Ilé onípákó kan wà níbẹ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi tiwa. Èèyàn mẹ́ta jókòó síbẹ̀. Ọ̀nà jìn, mi ò lè rí ojú wọn.

Ìyá mi na ọrùn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

Ha! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ó ti tó oṣù mélòó tí mo ti ń retí ohùn yẹn! Kíákíá di ọwọ́ mi mú. A ò lè mí.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn kan wá gba orí omi bọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Gbohùngbohùn lásán ni," Kíákíá sọ sí mi létí.

"Pa ẹnu ẹ dé. Kó máa jẹ́ gbohùngbohùn."

"Ọmọlúàbí ni wọ́n," ìyá mi wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ kí wọn."

"Ẹ bá wa kí wọn, màmá."

Mi ò gbé ọwọ́ sókè. Mi ò mọ ìdí. Ara mi kàn kọ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi jẹ búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún bèèrè òmíràn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí ara mi kọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi ni mo rí lódìkejì. Igi, igi, igi, títí dé etí omi.

"Ẹ̀gbọ́n," Kíákíá wí lẹ́yìn mi, "ilé àná dà?"

Nígbà tí obìnrin tó ń tọ́jú ilé kó táwẹ̀lì wá fún wa, mo bi í pé àwọn wo ló gba ilé òdìkejì.

"Kò sílé lódìkejì," ó wí.

"A rí iná níbẹ̀."

Ó rọra kó àwọn táwẹ̀lì kalẹ̀. "Ṣé ẹ kí wọn?"

"Ìyá mi kí wọn."

"Ṣé wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n dáhùn."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ kí wọn?"

"Rárá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ilé kan wà lẹ́bàá títì. Kò kọjú sómi. Ẹ jẹ́ kí n kó yín lọ síbẹ̀ báyìí."

"Kí ló wà nínú omi yẹn?"

"Ilé ẹ̀bá títì dáa," ó wí.

Ibi tí a dúró sí náà ni mo ti gbọ́ tí ìyá mi kígbe pè mí láti inú yàrá.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbé òòyà wá kí o bá mi di irun mi! Ṣé bí mo ṣe rí yìí ni màá tún lọ jókòó síwájú èèyàn lálẹ́?"

Òòyà ò kan orí ìyá mi látìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo wo obìnrin náà. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ bá mi dá a: ìyá tó ń kú lọ lójú yín, tó wá ń bèèrè òòyà, ṣé ẹ̀yin á gbé e kúrò níbẹ̀?

"A ò lọ," mo wí. Mo sì lọ bá ìyá mi di irun rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kùrukùru tètè dé. Ẹyẹ ò ké. Iná tàn lódìkejì, ilé náà sì wà níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin ni ẹnì kẹrin. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka lu apá àga. Kò yẹ kí n gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Kó. Kó. Kó. Bí bàbá mi ṣe máa ń lu apá àga nìyẹn tó bá ń retí oúnjẹ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" ìyá mi kígbe.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ṣé àlàáfíà ni?"

Tó bá jẹ́ gbohùngbohùn, "Ṣé àlàáfíà ni?" náà ló máa sọ padà. Mo tẹ́tí. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Àlàáfíà ni, màmá. Bàbá ń kí yín."

Orí mi wú. Ti bàbá nìkan kọ́. Ohùn tó sọ̀rọ̀ yẹn, ohùn mi ni. Ohùn tí mo fi ń bá oníbàárà jà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé màá ṣì í mọ̀ ni?

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtọkànwá. "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́," ó wí.

"Ẹ dìde, màmá," mo wí fún ìyá mi. "Ẹ wọlé báyìí."

Kíákíá wá ihò kọ́kọ́rọ́ títí, kò rí i. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àyà mi.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ báyìí," ó wí.

"Etí omi lọ̀nà gbà. Ṣé o fẹ́ gba ibẹ̀ nínú òkùnkùn?"

Ó mirí. Mo sùn ti ìyá mi, mo gbé apá lé e. Mo pinnu pé mi ò ní sùn. Oorun ò gbẹ̀bẹ̀.

Ìdájí ni mo jí. Ibùsùn ni apá mi wà lé, ó sì tutù. Mo fò dìde. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà láyà mi. Mo wá gbọ́ tí kẹ́tù ń hó.

Ìyá mi dúró nílé ìdáná, ó ń po tíì.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa? Àbúrò ẹ ńkọ́? Ọ̀lẹ ọmọ, kò tíì jí?"

Ojú rẹ̀ ń dán. Omi ń kán tó, tó, láti ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí aṣọ yín tutù?"

"Omi ló dà sí i," ó wí, ó sì na tíì sí mi.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ojú ẹsẹ̀ tútù wà lórí afárá pákó, láti ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Gbogbo wọn ló kọjú sílé. Kò sí ọ̀kan tó kọjú sómi.

Ọjọ́ yẹn ni orúkọ Kíákíá tó ro àbúrò mi. Kí n tó ká aṣọ tán, mọ́tò ti ń kùn. Nígbà tí a dé géètì, ìyá mi yọ ọwọ́ láti ẹ̀yìn mọ́tò, ó kí obìnrin tó ń tọ́jú ilé pé ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin náà wò ó. Ó wá kẹ̀yìn sí wa.

Ibi tí ọ̀nà ti yà sétí omi ni mo ti wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, síbẹ̀ ilé òdìkejì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan dúró létí omi, ó na ọwọ́ sókè. Irun tí mo dì lánàá wà lórí rẹ̀. Èjìká rẹ̀ òsì rẹlẹ̀.

"Ọmọ mi o!" ó pè.

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ọwọ́ tútù kan ti ẹ̀yìn mọ́tò bà lé mi léjìká.

"Má dá a lóhùn," ìyá mi wí.

Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tí kì í jẹ́ kí kíkí ẹnikẹ́ni ṣubú lulẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Kíákíá tẹná mọ́tò.

Ara ìyá mi ti yá. Ó ń jẹun, ó ń sun oorun, ó ń kí gbogbo àdúgbò, ó ń kí ajá wọn. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ni mo fún un. Mo ní atẹ́gùn omi ni. Àwọn ará ilé ń súre fún mi pé ọmọ rere ni mí, mo sì ń ṣe àmín.

Mo rán aṣọ tuntun fún un. Mo gé e bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n, mo mú apá òsì wálẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó sì sún kì. Mo wá téèpù lọ́jọ́ náà. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Èjìká ọ̀tún ló rẹlẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ó bi mí.

"Kò sí nǹkan, màmá."

"Tún un ṣe fún mi, ọmọ mi."

Mo tú u, mo sì gé e sí bí èjìká náà ṣe rí. Ó bá a mu rẹ́gírẹ́gí. Ó gbá mi mọ́ra, mo sì gbá a mọ́ra, torí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ni. Ta ni kó tún jẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹni tó nawọ́ sí mi létí omi yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ó ń dágbére ni, tàbí ó ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Mi ò tíì mọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá dá máṣíìnì mi dúró, tí ṣọ́ọ̀bù bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Ọmọ mi o." Ìyá mi á gbórí sókè níbi tó jókòó sí. Á wò mí. Èmi náà á wò ó.

Màá sì tún tẹ máṣíìnì mi.